Apátí Tó Wà Lọ́wọ́ Ọ̀tún

Àwọn àgbà wa a máa sọ pé: "Ìbọn ní apátí, ìbọn kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ sí òun?" Ẹni tó bá fara balẹ̀ gbọ́ òwe yìí yóò rí i pé ó rú ni lójú díẹ̀. Apátí ni irin kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí ìbọn ọdẹ, èyí tó di òkúta mú lẹ́nu bí adìyẹ tó fẹ́ ṣá àgbàdo jẹ. Bí ọdẹ bá fà á, òkúta a ṣá irin pẹlẹbẹ tó jẹ́ ara apátí náà, iná a ta sí ẹ̀tù, ìbọn a dún. Ìbọn tí kò bá wá ní apátí, igi àti irin lásán ni. Ọmọdé lè fi ṣeré, ìyá arúgbó lè fi ti ilẹ̀kùn. Kí ló wá dé tí àwọn baba wa, tí wọn kì í ṣe ojo, fi ń sá fún igi àti irin?

Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ ìṣọ́ra lásán ni, pé ewu kékeré ò sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni à ń lò ó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìṣọ́ra kọ́ ló bí òwe náà. Ìrẹ́jẹ ló bí i, obìnrin opó kan ló sì gbẹ̀bí rẹ̀. Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń fi í rẹ́rìn-ín níbi ayẹyẹ, ó sì máa ń dùn mí, nítorí pé òkú wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹ tó tún rẹ́rìn-ín.

Ní ìlú Òkè-Àràbà láyé àtijọ́, alágbẹ̀dẹ kan wà tí ń jẹ́ Ògúnmọ́dẹdé. Òun ló ń rọ ìbọn fún gbogbo ọdẹ ìlú. Kò lọ́rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu, ẹni tó bá sì ń kánjú kì í ya ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bó bá rọ apátí tán, tó dè é mọ́ ìbọn, kò ní tà á. Yóò gbé ìbọn náà sórí òrùlé àgbẹ̀dẹ ní ìrọ̀lẹ́, ìrì yóò sẹ̀ sí i mọ́jú. Kí oòrùn tó yọ, nígbà tí gbogbo ara irin náà ṣì tutù, ni yóò gbé e sọ̀kalẹ̀, tí yóò ki ẹ̀tù sí i, tí yóò fà á. Bó bá dún, yóò tún gbé e padà sórí òrùlé. Ó di ìgbà tó bá dún láràárọ̀ láìkọ̀ kí ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀. Nígbà náà ni yóò fi irin mímú kan fá ilà tẹ́ẹ́rẹ́ sára apátí náà. Èyí tó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, inú iná ló ń padà sí.

Àwọn oníbàárà a máa bínú sí i. "Bàbá, ọ̀sán ni èmi máa ń ṣọdẹ ní tèmi. Ẹ gbé ìbọn mi fún mi." Ògúnmọ́dẹdé a ní, "Ẹran ò ní dúró de oòrùn nítorí rẹ." Yóò sì máa fẹ́ ẹwìrì rẹ̀ lọ.

Báyìí ni ilà yẹn ṣe di ohun ńlá ní Òkè-Àràbà. Ọdẹ tó bá fẹ́ ra ìbọn kì í yẹ ẹnu rẹ̀ wò, kì í yẹ ìdí rẹ̀ wò. Àtàǹpàkò rẹ̀ ló fi ń wá ilà lára apátí. Bó bá ti kàn án, ọ̀rọ̀ parí, yóò gbé ìbọn rẹ̀ kọ́ èjìká.

Ògúnmọ́dẹdé kú, ọmọ rẹ̀ Ògúnṣẹ̀yẹ sì jogún àgbẹ̀dẹ. Ó jogún ẹwìrì, ó jogún ọmọ owú, ó jogún irin mímú tí baba rẹ̀ fi ń fá ilà. Sùúrù nìkan ni kò bá wọn jogún.

Àsìkò yìí gan-an ni apátí ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀lú láti etí òkun. Inú àpótí ni wọ́n ń kó o wá, wọ́n tò ó jọ bí ẹja gbígbẹ. Ìlú òyìnbó ni wọ́n ti rọ wọ́n lọ́pọ̀ yanturu. Ẹni tó rọ wọ́n kò mọ ọdẹ kankan, ọdẹ kankan kò sì mọ̀ ọ́n. Gbogbo wọn ń dán, gbogbo wọn jọra bí ìbejì, ṣùgbọ́n inú wọn kò jọra. Irin òmíràn le dáadáa. Irin òmíràn rọ̀ débi pé òkúta á kàn họ ọ́ lára ni, kò ní yọ iná. Èyí tó tún wá burú jù ni àwọn tí wọ́n wà láàárín, tí wọ́n á dún lónìí, tí wọ́n á kọ̀ lọ́la. Èyí tó bá kú pátápátá, ọdẹ á tètè mọ̀, á sọ ọ́ nù. Èyí tó bá ń dún nígbà tó bá wù ú, òun ló ń pa ni.

Ẹni tó ń kó apátí náà wọ Òkè-Àràbà ni Ọ̀tún Láwóyin, ìjòyè tó tẹ̀ lé ọba. Ó kó wọn fún Ògúnṣẹ̀yẹ pé kó máa dè wọ́n mọ́ ìbọn, kó máa tà wọ́n. Àwọn ọdẹ wá, wọ́n fi àtàǹpàkò wá ilà, wọn ò rí i, wọ́n sì padà sílé. Ọ̀tún pe Ògúnṣẹ̀yẹ.

"Kí ni wọ́n ń wá lára rẹ̀?"

"Ilà bàbá mi ni, Bàbá. Bàbá mi máa ń dán an wò, kó tó fá a."

"Irin tí bàbá rẹ fi ń fá a ńkọ́?"

"Ó wà nílé."

Ọ̀tún kàn wò ó. Kò pẹ́, kò jìnnà, gbogbo apátí tó wà nínú àpótí ti ní ilà. Ẹ̀gbẹ́ iná ni Ògúnṣẹ̀yẹ jókòó sí ní ọ̀sán gangan, tó ń fá wọn lọ bí ẹni ń họ iṣu. Kò fa ẹyọ kan wò. Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn ti fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Àwọn kan ṣì ń gbè é lẹ́yìn títí dòní, wọ́n ní kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni, pé ilà lásán ló fá. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀.

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ọdẹ méjì wà ní ìlú náà. Àkànmú lẹ̀gbọ́n, Ọdẹ́rìndé làbúrò. Àkànmú lẹ́sẹ̀ eré, Ọdẹ́rìndé lójú ọfà. Nítorí náà, bí wọ́n bá lọ pa ẹran ńlá, Àkànmú ló ń lọ tú u níbi tó sùn sí, tí yóò máa sáré níwájú rẹ̀ bọ̀ wá sí ibùba, níbi tí Ọdẹ́rìndé ti gbé ìbọn dúró dè é. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í wẹ̀yìn. Kò sí ohun tó fẹ́ wẹ̀yìn wò. Ẹ̀mí rẹ̀ wà ní ìka ẹni tó wà níwájú.

Ọdẹ́rìndé ti ra ìbọn tuntun lọ́wọ́ Ògúnṣẹ̀yẹ. Ó ti fi àtàǹpàkò kan ilà rẹ̀. Àkànmú náà kàn án, ó sì rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá Ògúnmọ́dẹdé ṣì ń ṣọ́ wa."

Ẹfọ̀n kan ń ba oko àwọn ará ìsàlẹ̀ odò jẹ́ nígbà òjò. Wọ́n bẹ àwọn méjèèjì, wọ́n sì lọ. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, ìrì bo gbogbo koríko. Ọdẹ́rìndé ba sẹ́yìn igi ìrókò kan, ó gbọ́ tí igbó ń ya, ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń sáré bọ̀, ẹfọ̀n ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àkànmú kọjá níwájú igi náà, ó ké pé, "Ó tó!" Ọdẹ́rìndé fa apátí.

"Kẹ́."

Òkúta ṣá irin, iná kò ta. Ó tún un gbé sókè, ó tún un fà. "Kẹ́." Àkànmú kò gbọ́ kí ìbọn dún, ló bá dúró, ó wẹ̀yìn. Ibi tó dúró sí náà ni ẹfọ̀n ti fi ìwo kàn án. Ọdẹ́rìndé ju ara rẹ̀ lé ẹranko náà, ó ń fi ìdí ìbọn lù ú lórí títí ẹfọ̀n fi gbọn òun náà dànù, tó ṣẹ́ ẹ lápá, tó sì wọ igbó lọ. Ọdẹ́rìndé wọ́ ara rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àkànmú ń wò ó. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀, ìyanu ló wà níbẹ̀.

"Àbúrò mi, kí ló dé?"

Ohun tó sọ gbẹ̀yìn nìyẹn. Ọdẹ́rìndé kò sì rí èsì fọ̀ títí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi yí padà.

Ìlú ló bá a wá èsì. Àkànmú ní ìyàwó kan, Àṣàkẹ́, obìnrin tó dúdú, tó ga, tó sì mọ iṣẹ́ aró. Gbogbo ènìyàn sì mọ àṣà wa: bí ẹ̀gbọ́n bá kú, àbúrò ni yóò ṣú ìyàwó rẹ̀ lópó. Wọ́n sin Àkànmú tán, ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

"Wọ́n ní ìbọn ló kọ̀."

"Ìbọn tó nílà?"

"Ìbọn tó nílà ni o."

"Há. Ta ni yóò wá ṣú Àṣàkẹ́ báyìí?"

Wọ́n á wo ara wọn. Ẹ kíyè sí i dáadáa. Bí kò bá sí ilà lára apátí yẹn ni, ìbọn ni wọn ì bá fura sí. Ṣùgbọ́n ilà wà níbẹ̀, nítorí náà ọmọ ènìyàn ni wọ́n fura sí.

Láti ọjọ́ tí Àṣàkẹ́ ti wọlé ọkọ, kò pe Ọdẹ́rìndé lórúkọ rí, nítorí pé ìyàwó ilé kì í pe ọmọkùnrin ilé lórúkọ. Adúmáadán ló ń pè é. Bó bá ti oko dé, á ní, "Adúmáadán, ẹ kú oko." Lẹ́yìn ikú Àkànmú, kò pe orúkọ yẹn mọ́. Ọdẹ́rìndé dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá opó, apá rẹ̀ wà nínú ọ̀já.

"Ìyàwó, mo fà á. Ọlọ́run gbọ́, mo fà á."

"Ìbọn tó nílà kì í kọ̀," ni Àṣàkẹ́ wí láti inú ilé. "Ọkọ mi ló sọ fún mi bẹ́ẹ̀. Ẹ máa lọ."

Ọ̀rọ̀ dun Ọdẹ́rìndé ju apá rẹ̀ tó ṣẹ́ lọ. Àwọn ọdẹ náà kò jẹ́ kó bá wọn jókòó mọ́. Olúọ́dẹ, olórí wọn, ní kó lọ wẹ ara rẹ̀ mọ́ níwájú Ọ̀tún. Bí kò bá lè wẹ̀ ẹ́ mọ́, kó bọ́ aṣọ ọdẹ sílẹ̀, kó kúrò nílùú. Ọ̀tún kẹ̀ ló sì ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn ọdẹ! Ẹni tó ń ta apátí ni yóò dájọ́ bóyá apátí dára. Kò sí ẹni tó rí i pé ó burú. Bóyá wọ́n rí i, tí wọ́n dákẹ́, èmi ò mọ̀.

Kí ọjọ́ ẹjọ́ tó pé, wọ́n gbé ìbọn náà fún Ògúnṣẹ̀yẹ pé kó fi pamọ́. Ó nù ún, ó pààrọ̀ òkúta ẹnu rẹ̀, ó sì gbé e kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ iná títí gbogbo ọ̀rinrin fi kúrò lára rẹ̀.

Ọ̀sán ni wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà, nínú oòrùn, ní ojúde Ọ̀tún. Ọ̀tún jókòó lórí àpótí ìjókòó rẹ̀, ó dé fìlà ìjòyè kan tó ga. Ó kún àwọn ènìyàn lójú. Ohun tó ya gbogbo wọn lẹ́nu ni pé Àṣàkẹ́ wá, nínú aṣọ opó, irun rẹ̀ ò sì tíì kúrò ní irun ọ̀fọ̀. Àwọn obìnrin ní kó padà sílé, pé opó kì í jáde bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ọkọ mi ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀," ó sì jókòó sílẹ̀.

Ọdẹ́rìndé sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀tún kò dá a dúró. Nígbà tó sọ tán, Ọ̀tún yíjú sí Ògúnṣẹ̀yẹ.

"Alágbẹ̀dẹ, yin ìbọn náà."

Ògúnṣẹ̀yẹ ki ẹ̀tù, ó kọjú ìbọn sí òkè, ó fà á. Ìbọn náà dún, ó mi ojúde. Gbogbo ènìyàn pariwo, "Háà!" Àṣàkẹ́ tẹ orí ba. Ọdẹ́rìndé nìkan ni kò mira.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un fà."

"Ó ti dún," ni Ọ̀tún wí.

"Bàbá, ẹfọ̀n ò mọ̀ pé ó ti dún."

Olúọ́dẹ mi orí, ó ní kí wọ́n tún un fà. Ògúnṣẹ̀yẹ tún ki ẹ̀tù. Ó fà á. "Kẹ́." Ó gbé apátí sókè, ó tún un fà. "Kẹ́."

"Ẹ ti gbọ́ ọ," ni Ọdẹ́rìndé wí. "Ohun tí mo gbọ́ níbùba nìyẹn. Mo ń gbọ́ ọ lójú oorun. Ẹ gbé ìbọn yìí sórí òrùlé, kí ìrì sẹ̀ sí i. Kí a fà á láàárọ̀, bí Bàbá Ògúnmọ́dẹdé ṣe ń ṣe."

Ògúnṣẹ̀yẹ ń wo ilẹ̀. Ọ̀tún rí i pé ó ń wo ilẹ̀. Àpótí apátí ṣì kún yàrá rẹ̀. Bí ìlú bá gbé ẹyọ kan yìí sórí òrùlé, wọn yóò gbé gbogbo yòókù. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà gbọ́n. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọdẹ́rìndé, kí ni a ń fi ìrì ṣe? O ní apátí yìí ti kú. Ó dára. Ògúnṣẹ̀yẹ yóò ki ẹ̀tù sí ìbọn, yóò sì ki ọta sí i. Ìwọ yóò dúró níwájú rẹ̀, wọn yóò fà á. Bó bá kọ̀, òótọ́ lo sọ, a ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ. Bí o kò bá lè dúró, a jẹ́ pé ìwọ fúnra rẹ mọ̀ pé ó ń dún. Ìwọ lo sì pa ẹ̀gbọ́n rẹ."

Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní, "Ọ̀tún gbọ́n o! Ẹjọ́ rèé!" Bí ìlú ṣe máa ń rí nìyẹn. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn lẹ́nu, wọn kì í bèèrè ẹni tí yóò gbé e mì.

Ọdẹ́rìndé wo ìbọn, ó wo Ọ̀tún. "Bàbá, èmi ò sọ pé kò lè dún. Mo ní kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ojú gbogbo wa ló ṣe dún lẹ́ẹ̀kan, tó sì kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ò mọ èyí tí yóò ṣe, ẹni tó wà níwájú rẹ̀ náà ò mọ̀."

"Èmi ò bi ọ́ ní gbogbo ìyẹn. Ṣé wàá dúró àbí o ò ní dúró?"

Ọdẹ́rìndé dáhùn, "Mi ò ní dúró."

Ariwo sọ. Wọ́n ń hó lé e lórí, wọ́n ń pè é ní apẹ̀gbọ́n. Olúọ́dẹ alára gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀tún gbọ́wọ́ sókè, ó dájọ́ pé kí Ọdẹ́rìndé bọ́ aṣọ ọdẹ sílẹ̀, kí oòrùn ọjọ́ náà má wọ̀ bá a nílùú. Lẹ́yìn náà, nítorí pé kò fẹ́ kí ọdẹ kankan tún fọwọ́ kan ohun tó kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ògúnṣẹ̀yẹ, da ẹ̀tù inú ìbọn yẹn nù. Tú apátí rẹ̀, kí o gbé e fún mi. Ọjà mi ni."

Ògúnṣẹ̀yẹ da ẹ̀tù sílẹ̀ lójú gbogbo wọn. Ó tú apátí náà, ó gbé e lé Ọ̀tún lọ́wọ́, Ọ̀tún sì pa ọwọ́ dé. Wọ́n fi ìbọn tó kù sílẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí igi ìdáná.

Àṣàkẹ́ ti ń wo gbogbo èyí. Ó ti gbọ́ "kẹ́" tí ọkọ rẹ̀ gbọ́ gbẹ̀yìn. Ó ti rí alágbẹ̀dẹ tí kò lè gbé ojú sókè. Ó dìde. Wọ́n rò pé ó fẹ́ lọ gbé ohun ìní ọkọ rẹ̀ lọ sílé ni, wọ́n yà fún un. Ó gbé ìbọn náà, ó fi ìdí rẹ̀ ti èjìká bó ti ń rí i kí ọkọ rẹ̀ máa ṣe, ó sì kọjú rẹ̀ sí Ọ̀tún Láwóyin.

Ọ̀tún fò dìde. Àpótí ìjókòó rẹ̀ ṣubú, fìlà rẹ̀ bọ́, ó sì bọ́ sẹ́yìn Olúọ́dẹ, ó di arúgbó náà mú ní aṣọ. "Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀! Ẹ gbà á! Ó fẹ́ pa mí!" Ojúde dàrú. Àwọn ọdẹ ńláńlá dọ̀bálẹ̀. Ògúnṣẹ̀yẹ, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú apátí, òun náà ti da ojú délẹ̀.

"Bàbá," ni Àṣàkẹ́ wí, "kí lẹ ń sá fún?"

"Ìbọn ni! Ṣé o ò rí i pé ìbọn ni?"

"Kí ló wà lọ́wọ́ yín?"

Ọ̀tún wo ọwọ́ rẹ̀. Ó là á. Apátí náà wà nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ilà rẹ̀ ń dán nínú oòrùn.

Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dìde nílẹ̀, wọ́n ń gbọn ìyẹ̀pẹ̀ ara wọn. Àṣàkẹ́ kò sọ ìbọn kalẹ̀.

"Apátí rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Ẹ̀tù rẹ̀ rèé nílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n tú u. Kò sí ẹni tó mọ̀ jù yín lọ pé ìbọn yìí ò lè dún, síbẹ̀ ẹ sá. Ẹ wá ní kí ẹni tí kò mọ̀ bóyá yóò dún dúró, ẹ sì sọ ọ́ di apààyàn nítorí pé kò dúró. Ìbọn ní apátí, ìbọn kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ sí òun?"

Àṣàkẹ́ yíjú sí alágbẹ̀dẹ.

"Ògúnṣẹ̀yẹ, ṣé o fà á wò kí o tó fá ilà?"

Ògúnṣẹ̀yẹ wà lórí eékún rẹ̀. "Mi ò fà á."

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Mi ò fa ọ̀kankan."

Nígbà náà ni Àṣàkẹ́ tó gbé ìbọn náà sílẹ̀. Ó lọ bá Ọdẹ́rìndé níbi tó dúró sí, ó kúnlẹ̀. "Adúmáadán," ló wí, "ẹ má bínú." Ọdẹ́rìndé, tí kò sunkún nígbà tí apá rẹ̀ ṣẹ́, tí kò sunkún nígbà tí wọ́n ń hó lé e, bú sẹ́kún.

Ibi tó yẹ kí ìtàn yìí parí sí nìyí, tí ayé bá dára. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Òótọ́ ni, ó bá a. Ṣùgbọ́n aláwàdà kan wà láàárín èrò, ló bá mú fìlà Ọ̀tún nílẹ̀, ó gbé e sókè, ó ní, "Ikú tó fẹ́ pa Ọ̀tún ti ṣí i ní fìlà lọ o! Ẹ bá a dúpẹ́!" Ẹ̀rín sọ. Ọ̀tún wo ọ̀tún, ó wo òsì, òun náà rẹ́rìn-ín. Ó dé fìlà rẹ̀ padà. Ó ní òun yí ẹjọ́ náà padà, Ọdẹ́rìndé kò jẹ̀bi, obìnrin yìí gbọ́n, ká máa lọ sílé wa. Wọ́n sì lọ sílé wọn. Wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ Àṣàkẹ́ lọ lójú ọ̀nà, wọ́n ń ṣe bí Ọ̀tún ṣe fò, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Ìlú tó bá ti rẹ́rìn-ín kì í rántí láti dájọ́ mọ́. Kò sí ẹni tó bèèrè Àkànmú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀tún kò kó apátí rẹ̀ dànù. Ògúnṣẹ̀yẹ dúró fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tà wọ́n, nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tó ń rọ ọ́, ọdẹ ò sì lè fi ọwọ́ lásán wọ igbó. Àwọn ọdẹ ń rà á. Wọ́n mọ̀ pé ilà yẹn ò ní ìtumọ̀ mọ́, síbẹ̀ bí wọ́n bá gbé ìbọn, ẹ ó rí àtàǹpàkò wọn tó ń rìn lọ sára apátí, tó ń wá a.

Ọdẹ́rìndé gbé ìbọn kọ́ àjà, kò sì gbé e mọ́ láéláé. Ó lọ dá oko sí ọ̀nà jíjìn, ó ń dẹ tàkúté. Àwọn ẹbí ní kó wá ṣú Àṣàkẹ́ lópó, nítorí pé ọ̀rọ̀ ti tán. Òun kọ̀, Àṣàkẹ́ náà kọ̀. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra ara wọn. Bí àwọn méjèèjì bá jókòó sí yàrá kan náà, ìbéèrè Àkànmú ni yóò jẹ́ ẹnì kẹta wọn. Àṣàkẹ́ padà sílé baba rẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò aró rẹ̀. Bí Ọdẹ́rìndé bá kọjá lọ sọ́jà, á dìde, á ní, "Adúmáadán, ẹ kú oko," òun náà á dáhùn, á sì máa lọ.

Ohun tó kù lọ́wọ́ wa ni òwe náà. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá gbé ewu síwájú rẹ, tó ní kí o má mì, pé kò lè ṣe ọ́ ní nǹkan kan, pé ẹni tó bá ń bẹ̀rù ló mọ ohun tó ṣe, má bá a jiyàn. Ní kí òun kọ́kọ́ dúró níbẹ̀. Ìbọn ní apátí, ìbọn kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ sí òun? Ọ̀tún Láwóyin kò jẹ́, apátí sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.